Ta ló ti mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹṣin rí? Ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ayọ̀, Croydon:
Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 13, ti di adákẹ́ láti ìgbà tí màmá mi ti kú nílé. Ó ń jẹun, ó ń lọ sílé ìwé, àmọ́ kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí n mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹṣin. Èmi ò mọ ẹṣin ju ti Ojúde Ọba lọ. Ṣé nǹkan gidi ni?

Àǹtí Rónkẹ́, Birmingham:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá. Nǹkan gidi ni, ìyá mi. Wọ́n fòòró ọmọbìnrin mi nílé ìwé, ibẹ̀ la gbé e lọ. Ẹ má rò pé gígun ni gbogbo rẹ̀ o! Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò gun nǹkan kan. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́: kó gbọn ẹrẹ̀ kúrò lára ẹṣin, kó ha ìdọ̀tí inú pátákò, kó kó ìgbẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó wọlé tìbínú-tìbínú. Ẹṣin ká etí méjèèjì sẹ́yìn, ó yẹra. Kò sẹ́ni tó bá ọmọ wí. Obìnrin tó ń kọ́ wọn kàn ní, "Mí kanlẹ̀, kó o tún padà wá." Ó mí, èjìká rẹ̀ wálẹ̀, ó rọra gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Etí ẹṣin padà síwájú. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín! Mi ò rí ẹ̀rín yẹn látìgbà Kérésì.

Ẹran tí ẹranko ń pa jẹ ni ẹṣin nínú igbó, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣọ́ gbogbo ohun tó bá sún mọ́ ọn. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Sussex fi àwòrán ojú èèyàn tó ń bínú hàn án, ọkàn rẹ̀ sì ń sáré. Ọmọ ò lè fi inú pamọ́ fún un, ẹṣin náà ò sì ní bi í léèrè.

Ẹ wọ bàtà líle fún un. Tó bá ní ikọ́ fée, ẹ sọ fún wọn ṣáájú, eruku pọ̀ níbẹ̀. Kó má gba ẹ̀yìn ẹṣin, kì í rí ibẹ̀, ìpá ló máa ta. Ẹni tó ní ọmọbìnrin, kọ̀lẹ́sẹ̀ ni kẹ́ ẹ dì fún un, akoto ò ní jókòó lórí ṣùkú.

Bọ̀dá Wálé, Brixton:
Ẹ wo Ebony Horse Club níbí, láti 1996 ni wọ́n ti ń fi ẹṣin ran àwọn ọmọ àdúgbò lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni Khadijah Mellah, ọmọ Peckham, ti kọ́ gígun ẹṣin kó tó gba ife Magnolia nínú eré ìje ẹṣin ní Goodwood lọ́dún 2019, tòun ti híjáàbù rẹ̀. Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ béèrè bóyá àyè wà. Àmọ́ ẹ má fi dókítà sílẹ̀ o, ọ̀fọ̀ ò kéré.

Ìyá Ayọ̀, Croydon:
Ẹ ṣeun gan-an. Mo sọ fún un lálẹ́ yìí. Ó ní, "Ṣé dúdú wà nínú àwọn ẹṣin náà?" Gbólóhùn tó gùn jù tó bá mi sọ lọ́sẹ̀ yìí nìyẹn. Àárọ̀ ọ̀la ni màá pè wọ́n.