Kó ìwúkàrà rẹ kí jẹ́látíìnì tó wọ inú bíà

Ará Manchester
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ máa lo ìwúkàrà kan náà fún ìpọntí mẹ́ta mẹ́rin, torí ó ti wọ́n jù. Ale, irú bíà kan, lítà 23 ni; ìwọ̀n rẹ̀ lórí háídrómítà, ohun èlò tó ń fi bí ṣúgà inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó hàn, jẹ́ 1.046 kí ìwúkàrà tó wọ̀ ọ́. Irish moss máa ń wọ ìkòkò, jẹ́látíìnì sì ń tẹ̀ lé e nígbẹ̀yìn kí ọtí lè tòrò. Ṣé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ike ṣì wúlò, àbí nǹkan wọ̀nyí ti bà á jẹ́?

Ará Peckham
Àbúrò, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì kò dọ́gba. Orí iná ni Irish moss ti ń ṣiṣẹ́. Ewé inú òkun ni, ó ń so purotéènì pọ̀ kí ó lè rì sísàlẹ̀ ìkòkò. Ìdajì tábúlẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó fún lítà 23, nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 10 kí o pa iná. Bí o bá rọra fa omi mọ́ọ̀tì (omi ọkà tí a sè, tí yóò di bíà) kúrò lórí pàǹtí yẹn, díẹ̀ ló máa bá a dénú ike. Ìwúkàrà kò tíì dé ibẹ̀ rárá, kò sí ohun tó pa wọ́n pọ̀.

Jẹ́látíìnì ni kí o ṣọ́. Ara ìwúkàrà gan-an ló ń lẹ̀ mọ́, wọ́n á di ìṣù, wọ́n á sì rì pa pọ̀ pẹ̀lú ìdọ̀tí tó ń mú bíà ṣú. Bẹ́ẹ̀ náà ni isinglass tí wọ́n ń fi àpò afẹ́fẹ́ inú ẹja ṣe. Nítorí náà, kó ìwúkàrà kúrò kí ó tó kan èyíkéyìí nínú wọn.

Dúró títí háídrómítà á fi ka iye kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta. Fi rọ́bà fa bíà lọ sínú kẹ́ẹ̀gì tàbí ike kejì. Kí ẹnu rọ́bà wà nísàlẹ̀ pátápátá, kó má ta pàrà, torí afẹ́fẹ́ á ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ṣẹ́ bíi lítà kan bíà kù sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, mi ike yí po, kí o dà á sínú ìgò ẹlẹ́nu gbòòrò tí o ti sè fún ìṣẹ́jú 10 tí ó sì ti tutù. Má kún un dẹ́nu. Má dé e pinpin, gáàsì ṣì ń jáde lára rẹ̀, ìgò tí a dé pa lè bẹ́. Inú fíríìjì ló ń gbé. Àwọn kan máa ń fi omi fọ̀ ọ́. Mi ò gbà wọ́n nímọ̀ràn yẹn, torí ọtí àti ìkan inú bíà fúnra rẹ̀ ló ń dáàbò bo ìwúkàrà lọ́wọ́ kòkòrò.

Ìgbà yẹn ni jẹ́látíìnì tó kàn, nínú ike kejì. Jẹ́ kí bíà tutù dé 4°C kọ́kọ́. Ìdajì ṣíbí kékeré nínú omi tútù 120 ml, jẹ́ kó rin fún ìṣẹ́jú 15, kí o gbé e kaná dé 65 sí 70°C. Kò gbọdọ̀ hó, agbára rẹ̀ á lọ. Dà á sí i, fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì.

Ará Houston
Mo kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Ẹ má kàn da gbogbo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ lé bíà tuntun o. Ale tiyín ń fẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù 200 ìwúkàrà. Mílílítà kan gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ki dáadáa máa ń ní bílíọ̀nù kan sí kan àbọ̀, nítorí náà 150 sí 200 ml ti tó. Lágà, bíà tí wọ́n ń pọn nínú òtútù, á gba ìlọ́po méjì. Bó bá pọ̀ jù, òórùn èso tó yẹ kó wà nínú ale á dínkù. Bó bá kéré jù, yóò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, kòkòrò mìíràn á sì ti ráyè wọlé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí bíà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lọ sórí èyí tó le, látorí èyí tó pọ́n lọ sórí dúdú. Ẹ má kó ìwúkàrà lára ọtí tó ju 7% lọ, ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìpọntí márùn-ún tó fún un nínú ilé, lẹ́yìn náà ẹ ra tuntun.

Ará Manchester
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n èyí tó wà nílẹ̀ báyìí, jẹ́látíìnì ti wọ inú ike àkọ́kọ́. Ṣé kí n dà á nù ni?

Ará Peckham
Rárá o. Jẹ́látíìnì kì í ṣe májèlé, kì í pa ìwúkàrà. Ìṣòro rẹ̀ ni pé o kò ní mọ iye ìwúkàrà tó wà nínú ìṣù yẹn, ìdọ̀tí pọ̀ nínú rẹ̀. Jí i kọ́kọ́: 100 gíráàmù mọ́ọ̀tì gbígbẹ nínú lítà omi kan, sè é fún ìṣẹ́jú 10, jẹ́ kó tutù dé 20°C, da 100 ml gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sí i, máa mì ín lóòrèkóòrè. Bó bá yọ ìfófòó kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ó yè. Ṣe bẹ́ẹ̀ náà fún èyí tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ nínú fíríìjì. Èyí tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì, lò ó tààrà.

Ará Paris
Àwọn tó ń pọn tchoukoutou, ọtí ọkà bàbà, ní àríwá Benin mọ èyí tipẹ́: kpètè-kpètè tí wọ́n kó lára ọtí àná ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ti òní. Ní Burkina Faso, omi yíyọ̀ ara igi ilá ni àwọn kan fi ń mú omi ọkà tí yóò di dolo, ọtí ọkà bàbà tiwọn, tòrò, ìwúkàrà kò sì tíì wọ̀ ọ́ nígbà náà.

Ará Houston
Ẹ kọ ọjọ́ àti iye ìgbà tí ẹ ti lò ó sára ìgò. Kí ẹ tó dà á, ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: òórùn búrẹ́dì àti bíà dára. Bó bá ń rùn bíi rọ́bà jíjó tàbí ọtí kíkan, tàbí tó ti pọ́n rúsúrúsú, ẹ dà á sí gọ́tà.