Wọ́n lu ìyá mi ní jìbìtì lórí fóònù, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

ỌmọỌ̀yọ́: Ẹ ǹ lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìyá mi ti lé lẹ́ni 70 ọdún, Ọ̀yọ́ ni wọ́n wà, èmi wà l'Ékòó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n ń sẹ́ èlùbọ́ lọ́wọ́ ni ẹnì kan bá pè, ó ní báńkì lòun ti ń pè, pé BVN wọn fẹ́ kú, pẹ́ńṣọ̀n ò ní wọlé lóṣù yìí. Ó mọ orúkọ wọn, ó ń kí wọn "ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ìnira mà", wọ́n bá ka nọ́ńbà mẹ́fà tó wọlé sórí fóònù fún un. 85,000 náírà ló lọ. Èyí tó dùn mí jù, ọjọ́ kẹta ni mo tó gbọ́, lẹ́nu àbúrò mi, torí wọ́n ní mo máa pariwo mọ́ àwọn. Òótọ́ ni, mo ti pariwo mọ́ wọn rí. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ́ wọn tí kò ní dà bíi pé mò ń bá wọn wí?

ÌyáÌbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Ṣé ẹ ti dé báńkì ṣá? Bí wọ́n bá tètè gbọ́ wọ́n lè dá owó yẹn dúró, ẹ má dúró dọ̀la. Ọ̀pọ̀ báńkì ló ní kóòdù tí èèyàn lè fi fóònù ẹlòmíì tẹ̀ kí àkáǹtì tì pa, ẹ kọ ọ́ gàdàgbà sórí páálí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ibùsùn wọn. BVN kì í kú o, ẹni tó bá ti ní ó fẹ́ kú, olè ni.

Àkànní: Àgbà ò lè gé fóònù mọ́ ẹni tó ń kí i tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń gbà wọlé. Bàbá mi, bá a ṣe ń sọ pé "ẹ ṣáà máa gé e", ojú ń tì wọ́n. La bá fún wọn ní gbólóhùn kan, "Ẹ ṣé o, ọmọ mi ló ń bójú tó owó mi, màá ní kó pè yín", tí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán wọ́n á gé e, kò sì sí àrífín ńbẹ̀. A fi dánra wò o, àbúrò mi obìnrin fi nọ́ńbà tí wọn ò mọ̀ pè wọ́n bí òṣìṣẹ́ báńkì, ìgbà àkọ́kọ́ wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ka nọ́ńbà ATM tán fún un, ìgbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta wọ́n ti já fáfá.

Àdùkẹ́: Ti WhatsApp náà wà ńbẹ̀ o. Wọ́n gba ti àǹtí mi, wọ́n wá ń fi yáwó lọ́wọ́ gbogbo ẹgbẹ́ wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ bá màmá tan two-step verification, ìyẹn nọ́ńbà àṣírí tí WhatsApp á bèèrè kí ẹlòmíì tó lè gbà á, inú Settings, lábẹ́ Account ló wà, ẹ yan nọ́ńbà mẹ́fà tí wọn ò ní gbàgbé. Ẹni tó bá sì ní ọmọ wọn lòun, nọ́ńbà òun ló yí padà, kí wọ́n ní kó ki oríkì àwọn. Oníjìbìtì lè rí orúkọ àti ọjọ́ ìbí lórí Facebook, oríkì ò sí ńbẹ̀.

ỌmọỌ̀yọ́: Ẹ ṣé gan-an. Mo ti dé báńkì, wọ́n ní àwọn á kàn sí báńkì kejì, mo ṣì ń retí. Mo bẹ màmá nítorí ariwo tí mo ti ń pa mọ́ wọn, ó pẹ́ kí wọ́n tó fèsì. Oríkì yẹn ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo fi fóònù aládùúgbò mi pè wọ́n láàárọ̀ yìí, mi ò tíì kí wọn tán tí wọ́n fi ní "Ìwọ ta ni, kí ni oríkì mi?" Mo ní Àṣàkẹ́. Wọ́n ní ó kù, kí n kì í délẹ̀.