Omi, àpáta àti ẹsẹ̀ ọmọdé: ibi tí a lè kó wọn lọ nígbà ọlidé

Láti Iléṣà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin òbí. Ọlidé ti dé, àwọn ọmọ sì ti ń béèrè ibi tí a óò kó wọn lọ. Kí oníkálukú sọ ti agbègbè tó mọ̀ dunjú, kó má kàn sọ pé "ibẹ̀ dára" kó sì dákẹ́. Ibo ni ọmọ ọdún mẹ́ta lè dé? Ibo ni kò gbọdọ̀ dé? Kí ló máa ń bàjẹ́, kí ló sì ń fà á? Màá bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàkìtì omi Olúmirin ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, lójú ọ̀nà Iléṣà sí Àkúrẹ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń béèrè jù.

Ìpele méje ni omi yẹn fi ń já láti orí àpáta. Ohun tí ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ̀ títí wọ́n á fi dé géètì ni pé ìpele kìíní nìkan ni ti ọmọ kékeré. Ojú ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ dára, ó ní àtẹ̀gùn, ọmọ tó bá ti ń rìn dáadáa á fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dé e. Láti ibẹ̀ sí ìpele kejì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Òkè náà le, gbòǹgbò igi àti òkúta ni ènìyàn ń dì mú gùn ún, ọwọ́ méjèèjì ló sì ń gbà. Ẹni tó bá gbé ọmọ lọ́wọ́ kò ní ọwọ́ kankan tó ṣẹ́kù. Ẹni tó pọn ọmọ lè rò pé òun rí ọgbọ́n dá, àmọ́ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, tó ní láti fara ti òkúta, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ gbá òkúta. Tí ọmọ kò bá tíì tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kó mọ ní ìpele kìíní. Ìpele keje já sí abúlé kan ní ìhà Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì, ìyẹn ti àgbà tí eegun rẹ̀ ṣì le ni.

Ẹ má dúró sí abẹ́ ibi tí omi ti ń já gan-an. Igi àti òkúta wẹ́wẹ́ máa ń bá omi wálẹ̀, ariwo omi kò sì ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ ẹni tó ń kìlọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ọmọ ti wẹ̀, níbi tí omi kò ti kọjá orúnkún rẹ̀, kí ẹ sì fi igi wọn ìsàlẹ̀ omi kí ó tó wọ̀ ọ́, nítorí ìsàlẹ̀ yẹn kò tẹ́jú. Kí ẹnikẹ́ni má bẹ́ sínú omi láti orí òkúta.

Bàtà ṣe pàtàkì ju aṣọ lọ. Sílípáàsì máa ń bọ́ lẹ́sẹ̀, ìtẹ́lẹ̀ rẹ̀ kì í sì í di òkúta tútù mú. Kánfáàsì ògbólógbòó tàbí sàńdà tó ní okùn lẹ́yìn ẹsẹ̀ ló dára. Bí òkúta bá ní àwọ̀ ewé tàbí tó dúdú tó ń dán, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ewéko tẹ́ẹ́rẹ́ tó bò ó ló ń yọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní ti àsìkò, láti Oṣù Kejìlá sí Oṣù Kẹta omi náà máa ń dínkù gan-an. Ní Oṣù Keje àti Oṣù Kẹsàn-án, ó máa ń kún, ó sì máa ń bínú. Ìparí Oṣù Kẹwàá sí Oṣù Kọkànlá ló dùn jù lójú tèmi: òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, omi kò sì tíì gbẹ. Bí ó bá jẹ́ ọlidé Oṣù Kẹjọ ni ẹ fẹ́ lọ, ẹ fetí sí èyí dáadáa: òjò lè máa rọ̀ lórí òkè, ní ìhà Èkìtì, kí òòrùn sì máa ràn níbi tí ẹ dúró sí. Àmì rẹ̀ ni pé omi tó mọ́ á ṣàdédé di pupa bí ẹrẹ̀, ewé àti igi wẹ́wẹ́ á máa ṣàn bọ̀, ariwo omi á sì wúwo sí i. Bí ẹ bá rí ọ̀kan péré nínú rẹ̀, ẹ gbé ọmọ, ẹ fi báàgì sílẹ̀, kí ẹ kúrò nínú omi lọ sí ibi tó ga.

Láti Àkúrẹ́

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹni tó bá ní ọmọ ọwọ́ tàbí tó fẹ́ mú ìyá àgbà dání, Ìkógòsí ní Èkìtì ni kó lọ. Ibẹ̀ ni omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti omi tútù ti ń sun lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, tí wọ́n sì pàdé. Ọmọ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ èyí, kó ki èkejì bọ ìyẹn, inú wọn máa ń dùn débi pé ẹ óò bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó kúrò. Kò sí òkè gígùn. Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra ni odò ìlúwẹ̀ẹ́ tí wọ́n kọ́ síbẹ̀: ẹ wo ibi tí ó ti jìn àti ibi tí kò ti jìn kí ọmọ tó bọ́ aṣọ. Ìtàkìtì omi Arinta ní Ìpólé-Ìlọ́rọ̀ kò jìnnà síbẹ̀, ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa Olúmirin náà ni kí ẹ tẹ̀ lé níbẹ̀.

Òkè Ìdànrè wá ńkọ́? Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe ibi ìsinmi sójú ọ̀nà. Ọmọ ọdún méje lè gùn ún tí ẹ kò bá lé e. Àṣìṣe tí àwọn àgbà máa ń ṣe ni pé wọ́n á jẹ́ kí ọmọ sáré gun ọgọ́rùn-ún àkọ́kọ́, torí ara rẹ̀ ṣì yá gágá, kó tó dé ìdajì á ti rẹ̀ ẹ́, á jókòó, ẹkún á bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó máa ka àtẹ̀gùn sókè, kó mu omi díẹ̀ ní ibi ìsinmi kọ̀ọ̀kan bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ ẹ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí òòrùn tó mú àpáta gbóná. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti gbé omi tí yóò tó yín lọ àti bọ̀.

Ìlànà kan tí mo fẹ́ kí gbogbo yín há sórí: ìsàlẹ̀ ọmọ ni àgbà gbọ́dọ̀ wà nígbà gbogbo. Tí ẹ bá ń gòkè, ẹ wà lẹ́yìn rẹ̀. Tí ẹ bá ń sọ̀, ẹ wà níwájú rẹ̀. Ọmọ tó bá yọ̀, ara yín ni yóò já lé. Sísọ̀ kalẹ̀ sì ni ọmọdé máa ń ṣubú jù, kì í ṣe gígùn, nítorí orúnkún ti rẹ̀, ọkàn sì ti kúrò lójú ọ̀nà, ó ti wà lórí oúnjẹ.

Lókè, ẹ óò bá ìlú Ìdànrè àtijọ́, ààfin àti ilé ẹjọ́ ìgbà náà, níbi tí àwọn ènìyàn gbé kí wọ́n tó kó sọ̀ kalẹ̀ ní nǹkan bí 1923. Ẹ sọ ìtàn yẹn fún wọn nísàlẹ̀ kí ẹ tó gbéra, ó máa ń fún ẹsẹ̀ wọn lágbára.

Láti Abẹ́òkúta

Fún ọmọ tí kò gun òkè rí, Olúmọ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Kò ga púpọ̀, 137 mítà sókè ìtẹ́jú òkun ni, ẹ sì lè gùn ún kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan sí méjì. Ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn gòkè wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ béèrè ní géètì bóyá ó ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà kí ẹ tó ṣèlérí fún ọmọ. Àtẹ̀gùn àárín àpáta tóóró, ẹnì kan ni kó máa gbà á lẹ́ẹ̀kan. Ihò tí àwọn Ẹ̀gbá sá sí lásìkò ogun wà lójú ọ̀nà, ó tutù, ibẹ̀ ló dára láti sinmi. Ní òkè pátápátá, ẹ má fi ọwọ́ ọmọ sílẹ̀ rárá, àpáta yẹn kò ní ọgbà yíká. Bí òjò bá ti rọ̀, ẹ sún un di ọjọ́ mìíràn. Ẹ sì gba àyè lọ́wọ́ amọ̀nà kí ẹ tó ya fọ́tò àwọn ìyá tó ń bọ òrìṣà níbẹ̀.

Láti Èkó

Mo kí gbogbo ilé. Òkun ni tèmi, mo sì fẹ́ sọ ọ́ kó yé wa, nítorí òkun wa kò jọ ti inú fíìmù.

Etí òkun Èkó tó dojú kọ agbami gbangba, ti Ẹlẹ́gùṣì, Oníru àti ìhà Lẹ́kí, dà gẹ̀rẹ́ sínú omi. Ìgbì kì í fọ́ lọ́nà jíjìn kó rọra wọlé, ẹ̀bá ilẹ̀ gan-an ló ti ń fọ́. Ìgbì yẹn á gbá ọmọ lulẹ̀, omi tó ń padà á sì fà á lọ kó tó dìde. Ìdí nìyẹn tí ọmọ fi lè rì nínú omi tí kò dé ìdí rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó fọwọ́ kan òkun, kí omi má kọjá kókósẹ̀ rẹ̀, kí àgbà dúró sí ìhà òkun, kó di ọwọ́ rẹ̀ mú ní ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ìka.

Ibi tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ jù lọ ni ibi tí ìgbì kò ti fọ́, tí omi pa rọ́rọ́ láàárín ìgbì méjì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní, "Ibí yìí ló dákẹ́, ẹ wá síbí." Ibẹ̀ ni omi tí ìgbì ti kó wọlé ń gbà padà sínú agbami, kò sì sí ẹni tó lè bá a jà. Tó bá gbé ènìyàn, kó má lúwẹ̀ẹ́ sí etíkun tààrà, agbára rẹ̀ ni yóò tán. Kó dojú sókè kó léfòó, kó na ọwọ́ kan sókè, kó sì máa sún sí ẹ̀gbẹ́ títí yóò fi bọ́ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ìgbì yẹn ni yóò gbé e wọlé. Ẹni tó wà nílẹ̀ kó má fò wọlé lọ́wọ́ òfìfo. Ẹ pe àwọn tó ń ṣọ́ omi, kí ẹ sì ju kẹ́ẹ̀gì òfìfo tí ìdérí rẹ̀ le pinpin sí i. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 á gbé àgbà léfòó. Mo gbà yín níyànjú láti máa fi ọ̀kan sínú búùtù ọkọ̀, kí ẹ so okùn gígùn mọ́ ọn.

Fún ìdí yìí, Tarkwa Bay ni mo máa ń dárúkọ fún ẹni tó ní ọmọ. Òkúta gígùn tí wọ́n tò sí ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó ló ń dá ìgbì dúró, nítorí náà omi inú ibẹ̀ rọ̀. Ẹ̀yìn òkúta yẹn, ní ìhà agbami, kò rọ̀ rárá, ẹ má kọjá síbẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ rìn lórí òkúta náà. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń débẹ̀. Kí ọmọ tó wọ ọkọ̀ ni kó ti wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì tó bá a mu. Bí ẹ ṣe máa dán an wò: ẹ di èjìká jákẹ́ẹ̀tì náà mú, kí ẹ fà á sókè. Tó bá gòkè dé etí rẹ̀, ó tóbi jù, inú omi á yọ kúrò lórí rẹ̀. Okùn tó gba àárín itan kọjá ló ń dá a dúró. Tí ọlọ́kọ̀ kò bá ní ti ọmọdé, ẹ wá ọkọ̀ mìíràn. Ẹ bá a dá àkókò ìpadàbọ̀ kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, kí ilẹ̀ má ṣú bá yín lórí ọ̀sà.

Nípa ihò tí ọmọ ń gbẹ́ sínú iyanrìn, kó má jìn ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbẹ́ ihò jíjìn máa ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iyanrìn tútù sì wúwo. Ní ti ẹṣin, ẹ ná owó rẹ̀ kí ọmọ tó gùn ún, kí ọlọ́ṣin di ìjánu mú ní gbogbo ìgbà, kí ẹnikẹ́ni má gba ẹ̀yìn ẹṣin kọjá.

Ẹni tí òkun bá ń já láyà, ọgbà Lẹ́kí Conservation Centre wà. Afárá pákó inú igbó ni kí ẹ gbà, kẹ̀kẹ́ ọmọ lè gba ibẹ̀. Afárá orí igi, tó gùn ní 401 mítà, máa ń mì, ó tóóró, èrò sì ń bọ̀ lẹ́yìn yín, pípadà láàárín kò rọrùn. Ọmọ tí ìbẹ̀rù ti mú ní àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, ẹ má fagbára mú un. Ẹ fi oúnjẹ pamọ́ sínú báàgì tó ní síìpù, ọ̀bọ ibẹ̀ mọ ohùn náílọ̀n dáadáa.

Láti Kútọnu

Ohun tí ẹ̀gbọ́n Èkó sọ nípa agbami, bákan náà ló rí lọ́dọ̀ wa títí dé Grand-Popo. Etíkun yẹn rẹwà, ṣùgbọ́n fún wíwò ni. Ìdílé tó bá dé Grand-Popo, kí wọ́n gba ọkọ̀ lórí odò Mono lọ sí Bouche du Roy, níbi tí odò ti pàdé òkun. Omi odò náà pa rọ́rọ́, ẹyẹ pọ̀, ọmọ á rí igi ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi. Láífù jákẹ́ẹ̀tì ṣì ni o.

Láti London

Ẹ kú iṣẹ́ ńlá. Fún àwa tí a wà níbí, òkun máa ń sún sẹ́yìn gan-an, ó sì máa ń padà wá. Ní Southend, ìlú etí òkun tí kò jìnnà sí London, ẹ lè rin ẹrẹ̀ lọ jìnnà, kí omi sì gba ẹ̀yìn yín wá, nítorí náà ẹ wo àkókò tí omi yóò kún kí ẹ tó kúrò nílé. Àárín àsíá pupa-òun-yẹ́lò méjì ni kí ọmọ ti wẹ̀, ibẹ̀ ni àwọn tó ń ṣọ́ omi ń wò. Àsíá pupa nìkan túmọ̀ sí kí ẹnikẹ́ni má wọlé. Bí ẹ bá rí àpò aṣọ aláwọ̀ ọsàn tí atẹ́gùn ń fẹ́, atẹ́gùn ń fẹ́ lọ sínú òkun nìyẹn, ẹ má gbé rọ́bà tí a fẹ́ afẹ́fẹ́ sí nínú wọ omi, yóò gbé ọmọ lọ. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, 999 ni, kí ẹ ní Coastguard, àwọn tó ń rí sí ìgbàlà ènìyàn lójú òkun, ni ẹ ń fẹ́.

Láti Iléṣà

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Ẹnì kan béèrè lábẹ́lẹ̀ pé tí ọmọ bá dàwátì láàárín èrò ńkọ́? Omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó wo ibi mìíràn, nítorí ìṣẹ́jú díẹ̀ ni omi ń fúnni. Kí ẹnì kan dúró sí ibi tí ẹ tẹ́ ẹní sí, torí ọmọ lè padà síbẹ̀. Aṣọ pupa, ọsàn tàbí yẹ́lò ló ń hàn nínú omi, ẹ má wọ búlúù tàbí funfun fún un. Ẹ fi báírò kọ nọ́ḿbà fóònù sí apá rẹ̀ kí ẹ tó jáde nílé. Ẹ sì yan àgbà kan ṣoṣo, fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, tí kò ní fọwọ́ kan fóònù, tí kò ní din ẹran, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwo omi lọ, kí ó tó fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pẹ̀lú ẹnu pé, "Ó ti kàn yín o." Ọmọ tó ń rì kì í pariwo, ẹnu rẹ̀ ti wà nínú omi.