Iyọ̀ àti fínígà ni mo fi fọ sàláàdì, inú ẹni 4 ṣì dàrú. Níbo ni mo ti ṣì í ṣe?

Ìyá Àánú:
Ẹ kú àárọ̀ ilé o. Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi máa gùn díẹ̀, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ láti Sátidé. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sọmọ lórúkọ níbí n'Íbàdàn, èmi ni wọ́n ní kí n bá wọn ṣe sàláàdì, mo ra kábéèjì, kárọ́ọ̀tì, kùkúńbà àti létúùsì, mo sì fọ̀ ọ́ o, ẹ má rò pé mi ò fọ̀ ọ́, mo bu iyọ̀ sómi, mo da fínígà lé e, mo rẹ gbogbo ẹ̀ sínú básìn ńlá fún bí ìṣẹ́jú 20, bí màámi ṣe ń ṣe é nìyẹn kí n tó dáyé. Àwọn tó jẹ ẹ́ á tó 60. Nǹkan bí aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n pè mí pé bàbá ọmọ ń bì, kílẹ̀ tó mọ́ ọmọ méjì nínú ilé ti ń pọ́ọ̀jì. Mo ní bóyá wọ́n jẹun jù ni. Àfi bó ṣe di Mọ́ńdè tí àbúrò mi obìnrin tí oyún ẹ̀ ti pé oṣù 5 pè mí pé inú ń run òun, òun ti lọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ara ẹ̀ sì ń gbóná. Wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ní lébọ́ọ̀ kan ládùúgbò wọn, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, pé ohun tó jẹ níbi ìkómọ ló fà á.

Ìyá ọkọ mi ò jà o. Wọ́n kàn wò mí lójú àwọn ìyàwó ilé yòókù, wọ́n ní, "Ewé téèyàn ò bọ̀, ṣebí ewúrẹ́ ló ń jẹ ẹ́." Ó dùn mí ju kí wọ́n gbá mi létí lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé iyọ̀ ò pa kòkòrò ni? Kí ni kí àbúrò mi lò?

Ọmọ Ẹ̀gbá:
Ẹ pẹ̀lẹ́ ma. Jik ni kẹ́ ẹ máa lò jàre. Ìdérí kan sínú básìn, ẹ rẹ ẹ́, ẹ ṣàn án, kò sí kòkòrò tó máa yè é. Ilé wa ò lo nǹkan mìíràn.

Alásè Mọ́kọ́lá:
Ìyá Àánú, ẹ fara balẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń se oúnjẹ òde, sàláàdì ni wọ́n kọ́kọ́ ń mú tínú bá ti dàrú, wọn ò ní rántí ráìsì tó ti wà nínú kúlà látàárọ̀, wọn ò ní rántí zobo tí wọ́n fi yìnyín tẹ́nìkan ò mọ ibi tó ti wá sí. Àmọ́ mi ò sọ pé sàláàdì yín ò mọwọ́ mẹsẹ̀ o. Ẹ dá mi lóhùn: aago mélòó lẹ po ó mọ́ kírímù, aago mélòó ni wọ́n jẹ ẹ́? Pátákó tẹ́ ẹ gé e lé, ṣé òun náà ni wọ́n gé adìẹ lé? Omi wo lẹ fi ṣàn án lẹ́yìn iyọ̀ yẹn?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti aláboyún ná, ìyẹn ò ṣeé fi falẹ̀. Ẹ ra pure water 2, ìyẹn lítà 1, ẹ da ṣúgà ṣíbí tíì 6 sí i, kẹ́ ẹ fi ọ̀bẹ gé orí ṣíbí náà kó tẹ́ pẹrẹsẹ, àti iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ o. Kó máa mu ún díẹ̀díẹ̀ nígbàkígbà tó bá ti tọ́ílẹ́ẹ̀tì dé. Tẹ́ ẹ bá rí ORS, ìyẹn irú iyọ̀ òun ṣúgà yìí tí wọ́n ti pò sínú ọ̀rá, ní kẹ́místì, ẹ kúkú lo ìyẹn. Kó má ra Flagyl fúnra ẹ̀, kó má ra oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró. Kó lọ síbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún lónìí, kì í ṣọ̀la, torí ara tó ń gbóná yẹn, kó sì sọ fún wọn pé òun jẹ ewé tútù. Tó bá rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, tí kò bá tọ̀ mọ́, tójú bá ń ṣú u, ẹ má dúró de ilẹ̀ mímọ́. Kòkòrò kan wà tí wọ́n ń pè ní Listeria, ó ń gbé nínú ilẹ̀ ó sì ń bá ewé wọlé, inú fíríìjì gan-an ló ti ń pọ̀ sí i, ó lè má ṣe ìyá ju bí ibà lásán lọ kó sì ba oyún jẹ́. Ìdí tí mo fi ń pariwo nìyẹn.

Ti táífọ́ọ̀dù, kì í yá báyẹn. Tí kòkòrò ẹ̀ bá wọnú èèyàn, ó sábà máa ń tó ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́ta kó tó hàn. Ẹni tó jẹun ní Sátidé tára ẹ̀ gbóná ní Mọ́ńdè, ẹ wá nǹkan mìíràn. Tẹ́ẹ̀sì Widal tí wọ́n ń ṣe káàkiri yẹn lè sọ pé ó wà lára ẹni tí kò ní in, torí ara tó ti bá a jà rí, tàbí tó ti gba àjẹsára ẹ̀, ṣì lè fi àmì hàn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ dájú, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan wò bóyá kòkòrò á hù jáde. Bàbá ọmọ tó bì lálẹ́ ọjọ́ náà, ó jọ oró tí kòkòrò ọwọ́ èèyàn ń tú sínú oúnjẹ tó bá pẹ́ nínú ooru, ìyẹn kì í ju wákàtí mélòó kan lọ tó ti ń mú èèyàn. Ti àbúrò yín lè jẹ́ ọ̀tọ̀ pátápátá.

Iyọ̀ àti fínígà á dín kòkòrò kù díẹ̀, wọn ò lè pa á tán, ẹyin aràn inú ò tiẹ̀ mọ̀ pé ẹnikẹ́ni da iyọ̀ sómi. Omi tó mọ́ tó ń ṣàn, kẹ́ ẹ fọwọ́ ra ewé náà níkọ̀ọ̀kan, ìyẹn ló ń ṣiṣẹ́ jù. Ọmọ Ẹ̀gbá, ẹ dákun ẹ fi Jik sílẹ̀ fáṣọ funfun. Ìdérí ẹnìkan ò dọ́gba pẹ̀lú tẹlòmíràn, ewé sì ń fà á mu. Ọṣẹ náà bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ẹ̀gbá:
A ti ń lò ó tipẹ́, kò sẹ́ni tó kú.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní kẹ́ ẹ kú náà.

Ìyá Àánú:
Ẹ ṣé ma, ó ti wà lọ́nà ọsibítù báyìí. Alásè, ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ni mo ti po ó tán, mi ò fẹ́ máa sáré lójú àlejò, aago mẹ́ta kọjá ni wọ́n tó bu ún, iná sì ti lọ láti mọ́kànlá, orí tábìlì lábẹ́ kánópì ló wà, mo fi náílọ́ọ̀nù bò ó. Pátákó kan la ní. Wọ́n ti gé adìẹ lórí ẹ̀, mo fi aṣọ ìnuwọ́ nù ún, mo dẹ̀ wò ó pé ó mọ́. Omi tí mo fi ṣàn án, omi kànga ẹ̀yìnkùlé wọn ni. Omi yẹn mọ́ gaara o, tẹ́ ẹ bá sọ owó ẹyọ sí i ẹ máa rí i nísàlẹ̀ básìn.

Alásè Mọ́kọ́lá:
Kànga kẹ̀! Ẹ fi iyọ̀ fọ̀ ọ́ tán, ẹ wá fi kànga dá gbogbo ẹ̀ padà! Sọ́ọ̀kàwéè wọn ńkọ́, báwo ló ṣe jìnnà tó? Ó yẹ kó tó mítà 30. Omi ò ní láti dọ̀tí lójú kó tó ní ìgbẹ́ nínú, ṣẹ́ ẹ rántí onígbáméjì tó jà l'Ékòó ní Júùnù 2024. Ti wákàtí 6 lábẹ́ kánópì yẹn ńkọ́? Ohun tó bá ti ní kírímù, wákàtí 2 ló ní níta, tí ooru bá mú bí ooru wa yìí, wákàtí 1. Èmi kì í po kírímù mọ́ ọn mọ́, ọ̀tọ̀ ni mo ń gbé e wá, inú kúlà tó ní yìnyín, kálukú á fi ṣíbí bu tiẹ̀. Pátákó méjì ni mo ní, mo fi òwú pupa so ti ẹran nídìí, ọmọṣẹ́ tó bá fi gé kùkúńbà, ó di ilé ẹ̀ nìyẹn.

Àgbẹ̀ Etídò:
Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín yẹn ò dénú. Ewé ni mo ń gbìn, létúùsì, ṣọkọ̀ àti tẹ̀tẹ̀, létí odò kan tó gba àárín ìlú kọjá. Tó bá ti di ẹ̀ẹ̀rùn, omi odò yẹn la ń bù wọ́n ọn, ẹ̀yin náà mọ ohun táwọn ará òkè ń dà sínú ẹ̀. Ìgbẹ́ adìẹ la fi ń ṣe ajílẹ̀, nígbà mìíràn kò tíì jẹrà tán tá a fi dà á síbẹ̀. Láàárọ̀ kùtù táwọn oníbàárà bá dé, a óò gé létúùsì, a ó rì í bọnú odò yẹn kan náà kó lè tutù yọ̀yọ̀, òun ló ń dán lójú yín lọ́jà yẹn. Ṣọkọ̀ àti tẹ̀tẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ẹ máa bọ̀ wọ́n, iná á bá wọn parí ẹjọ́. Létúùsì ló ń lọ tààrà sẹ́nu. Èmi tí mò ń gbìn ín kì í jẹ ẹ́. Tẹ́ ẹ bá máa jẹ ẹ́ dandan, ẹ ju ewé ìta 2 tàbí 3 nù, ẹ tú èyí tó kù ní ẹyọ ẹyọ, ibi ìdí ẹ̀ níyẹ̀pẹ̀ ń há sí, ẹ fi ọmọ ìka wọ ibẹ̀. Kárọ́ọ̀tì, ẹ fọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó bó o, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀bẹ ló máa gbé ìdọ̀tí ara ẹ̀ wọnú.

Dàda London:
Ẹ má fi ṣe ti Nàìjíríà nìkan o. Ní Jámánì lọ́dún 2011, kòkòrò inú oúnjẹ tútù pa èèyàn tó lé ní 50. Kùkúńbà Sípéènì ni wọ́n kọ́kọ́ dẹ́bi fún, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í da ọjà nù, ìgbẹ̀yìn ẹ̀ ni wọ́n tó rí i pé irúgbìn fenugreek tí wọ́n mú hù tí wọ́n ń jẹ ní tútù ló ṣe é. Ní 2018, létúùsì láti agbègbè Yuma ní Amẹ́ríkà pa èèyàn 5, wọ́n sì bá kòkòrò tó pa wọ́n yẹn nínú omi kánáàlì àdúgbò náà. Ọ̀rọ̀ omi tí Àgbẹ̀ ń sọ náà ni.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ gbà mí o, ewúro tí mo ń fún mu láràárọ̀ ńkọ́? Omi kànga ni mo fi ń fọ̀ ọ́!

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò:
Màmá, ẹnu èèyàn lewúro ti korò, kòkòrò ò mọ̀ ọ́ ní kíkorò. Ẹ se omi kó hó, ẹ jẹ́ kó tutù, ìyẹn ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ìyá Àánú:
Ẹ kú alẹ́ o, àbọ̀ rèé. Wọ́n fa omi sí àbúrò mi lára, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n gbọ́ ìró ọkàn ọmọ inú ẹ̀, ó ń lù dáadáa, èsì ẹ̀jẹ̀ di ọjọ́ mélòó kan sí i. Ara àwọn tó kù ti ń mókun. Mo lọ sílé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lọ́sàn-án òní, mo dọ́gbọ́n bíi pé mo ń wá nǹkan lẹ́yìnkùlé, mo ka ẹsẹ̀ mi láti kànga dé sọ́ọ̀kàwéè. Ìṣísẹ̀ 14. Mo sọ fún ìyá ọkọ mi, wọ́n ní àtìgbà tí wọ́n ti kọ́lé yẹn làwọn ti ń mu omi ẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ, wọ́n na ẹgbẹ̀rún kan náírà sí mi, wọ́n ní kí n bá àwọn ra pure water bọ̀.