"When" yìí, adverbial clause ni àbí noun clause?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ gírámà Gẹ̀ẹ́sì. Télọ̀ ni mí nítòsí Ọjà Ọba l'Ákùrẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra WAEC máa ń jókòó ti máṣíìnì mi lálẹ́, ká jọ yẹ ìbéèrè àtijọ́ wò. Ẹ mọ ìyẹn tí wọ́n máa ń fa ọ̀rọ̀ yọ nínú àyọkà, tí wọ́n á ní ká sọ orúkọ rẹ̀ nínú gírámà àti iṣẹ́ tó ń ṣe.

"I left when he came" ò dà wá láàmú. "When he came" ń sọ ìgbà tí mo lọ, ó ń ṣiṣẹ́ bí adverb, adverbial clause ni. "I know when he came" náà yé wa: fi "it" rọ́pò "when he came", ó bọ́ sí i, ó ń ṣiṣẹ́ bí noun, noun clause ni.

"I will tell you when he comes" ló dá ìjà sílẹ̀. Mo gbé "when he comes" síwájú gbólóhùn, ó gbà. Ọmọ yìí fi "it" rọ́pò, ó ní òun náà gbà. Etí mi kọ̀ ọ́. Mo tú u sí Yorùbá, ó di méjì: "Màá sọ fún ẹ tó bá dé" àti "Màá sọ ìgbà tó máa dé fún ẹ". Yorùbá ò kúkú fi tiẹ̀ pamọ́!

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé "comes" tí wọ́n kọ dípò "will come" ti tó láti fi mọ̀ pé adverbial clause ni? Bí kò bá tó, kí ni kí ọmọ yìí wò nínú àyọkà kó tó kọ ìdáhùn?