Ẹ̀yin tí ẹ ti tún kárávánì àlòkù ṣe rí, ẹ wá sọ tiyín

Bàbá Dúró, Kent:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọmọ méjì la ní, owó hòtẹ́ẹ̀lì lásìkò tí ilé ìwé bá gba ìsinmi ní Ìlú Ọba yìí sì ju agbára wa lọ. La bá ra kárávánì àlòkù kan ní £1,200, èyí tí mọ́tò ń fà lẹ́yìn, oníbẹ́ẹ̀dì mẹ́rin.

Bí a ṣe gbé e délé, kọ́tìnì àti ìjókòó ni gbogbo ẹni tó wá wò ó ń sọ. Ìyàwó mi ti ra ànkárá sílẹ̀ pàápàá. Mo ní kó fi pamọ́ ná. Egungun irú kárávánì àtijọ́ bẹ́ẹ̀, pákó ni. Páànù alumíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ ló bò ó níta, pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà nínú. Tí omi bá ti ráyè wọ àárín wọn, egungun á máa jẹrà lábẹ́lẹ̀, ojú rẹ̀ á sì máa dán.

Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ṣe kápẹ́ńtà yá mi ní ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wo bí ògiri ṣe tutù sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó kà 12, ó kà 13. Kò séwu níbẹ̀, torí ìgbà tó bá kọjá 15 lèèyàn ń fura. Mo dé igun iwájú lábẹ́ fèrèsé, ó fò kọjá 30. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀ wò, ó wọlé bí ẹni tẹ ẹ̀bà.

Ṣùgbọ́n omi náà ò gba igun yẹn wọlé o. Irin gígùn kan wà lára kárávánì tí wọ́n máa ń ki etí tẹ́ǹtì bọ̀, síkúrù ló dè é mọ́ páànù. Nígbà tí mo tú u, lẹ́ẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti gbẹ, ó ń rún wẹ́wẹ́. Àwọn síkúrù ti dípẹtà débi pé òmíràn já sí méjì lọ́wọ́ mi. Òkè lọ́hùn-ún lomi ti ń wọlé, ó wá ń tọ pákó bọ̀ nísàlẹ̀. Ẹni tó bá lọ fi sílíkóònù dí igun ìsàlẹ̀, ó kàn fowó ṣòfò ni. Mo ha ojú ibẹ̀ mọ́, mo fi lẹ́ẹ̀ butyl sí i, torí ìyẹn kì í gan, mo sì fi síkúrù tí kì í dípẹtà dè é padà. A jẹ́ kí inú rẹ̀ gbẹ kanrinkanrin ká tó kan pákó tuntun.

Táyà ńkọ́? Ojú rẹ̀ ṣì mú dáadáa, ọjọ́ orí ló ti lọ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn níbẹ̀ ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 0911 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ọdún 2011. Kárávánì kì í ṣe MOT, àyẹ̀wò ọdọọdún tí mọ́tò ń ṣe níbí, kò sẹ́ni tó máa bá yín yẹ̀ ẹ́ wò. Ti gáàsì, ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni mo pè. Mi ò dúnàádúrà rárá.

Ìyá Ìbejì, Manchester:
Ẹ ṣeun, Bàbá Dúró. Ìwúwo ni tèmi o. Àwo kan wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn tó sọ ìwúwo tí kárávánì ò gbọdọ̀ kọjá. Tiwa, 130 kg péré ló kù fún ẹrù wa. Bàbá Ìbejì ti fi pákó nínípọn ṣe kọ́bọ́ọ̀dù, ó ti kó bátìrì sí i. Èmi náà wá kó isu, gàrì, epo pupa àti ìkòkò ńlá dé! Gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìṣirò. Isu ni mo kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ọmọ ń yọ̀. Ẹ bá mi kí Ìyá Dúró, kí wọ́n fi aṣọ funfun tẹ́ ẹ̀yìn ànkárá yẹn tí wọ́n bá fi rán kọ́tìnì. Oòrùn ojú fèrèsé ti ṣá tèmi.

Ṣẹ́gun, Leeds:
Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín. Mo fẹ́ lọ wo ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé. Èló ni ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ògiri yẹn?

Bàbá Dúró:
Mo ti ra tèmi báyìí, kò ju nǹkan bíi £20 lọ. Mú un dání, kí o sì kọ́kọ́ tì í mọ́ gbogbo igun, inú kọ́bọ́ọ̀dù àti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Tí ẹni tó fẹ́ tà á bá ní kò pọndandan, máa bọ̀ nílé.