"Abánisọ̀rọ̀" kọ́ lorúkọ ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́

Ẹ̀yin ará mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ yìí ti ń yún mi lọ́fun látàná tá a ti ń wá orúkọ Yorùbá fún áàpù tó ń gbé ohùn jáde lórí fóònù fáwọn tí ò lè sọ̀rọ̀. Bọ̀dá tó ní ká máa pè é ní "abánisọ̀rọ̀", mo gbọ́ yín, "bá mi gbẹ́rù" ni "bá" tẹ́ ẹ ń rò. Àmọ́ tí "bá" bá ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ "sọ̀rọ̀", ìtàkúrọ̀sọ ló dà yẹn. Tí mo bá ní mo bá yín sọ̀rọ̀ lánàá, ṣé mo gbẹnu yín sọ ni?

Ẹni tó ní "asọ̀rọ̀fódi" ló wá bà mí nínú jẹ́ jù. Ta lodi? Ọdún 1985 lohùn Stephen Hawking, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yẹn, lọ, ẹ̀rọ ló fi ń sọ̀rọ̀ títí tó fi kú lọ́dún 2018, ẹ lọ pè é lódi ká gbọ́.

Àbúrò bàbá mi wà l'Ókè Fíà, l'Óṣogbo níbí, rọpárọsẹ̀ mú wọn lápá ọ̀tún, ohùn bá a lọ. Ọmọ wọn kó áàpù yìí sórí fóònù fún wọn, àwòrán kéékèèké ló kún ojú ẹ̀, ife, bẹ́ẹ̀dì, abọ́ oúnjẹ. Bàbá tẹ ife, ohùn ọmọdébìnrin òyìnbó ló jáde! Ọmọ wá tẹ "omi" síbẹ̀ kó lè máa sọ Yorùbá, ó ń kà á bí "ó mì", a fẹ́rẹ̀ẹ́ sá jáde nílé.

"Àfọwọ́fọ̀" lèmi mú wá, bí àfọwọ́kọ, "fọ̀" tó túmọ̀ sí sọ̀rọ̀ ni mò ń wí. Wọ́n ní ti alágbàfọ̀ nìyẹn. Ó dáa, ẹ fi ohùn kún un, "àfọwọ́fọhùn", ṣó parí? Ẹlòmíì tún ní kì í ṣe ọwọ́ ni gbogbo wọn fi ń lò ó, pé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni Hawking ń mì nígbẹ̀yìn, pé ojú làwọn kan fi ń yan ọ̀rọ̀. Àfọwọ́fà ńkọ́, ọwọ́ wo lẹ fi fà á?

Ẹni tó wá ní èdè Ìjẹ̀ṣà ni "fọ̀", kì í ṣe Yorùbá gidi, ṣé Ìpólé nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ti wá tẹ Òṣogbo dó ni? Ìyá mi àgbà l'Ọ́jà Ọba, tá a bá dákẹ́ níwájú wọn, "Ẹ fọ̀ o!" ni wọ́n máa ń pariwo mọ́ wa. Ẹ lọ sọ fún wọn pé wọn ò gbọ́ Yorùbá.

Mo kúkú bi bàbá fúnra wọn pé kí ni ká máa pè é. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi ń wá lẹ́tà, ó pẹ́ díẹ̀: ENU MI. Mi ò tíì mọ èsì tí mo máa fún wọn.